Abala Tí Lọ́yà Fò

Kò sẹ́ni tó tún ń pe ọkùnrin náà ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ótijiná ni gbogbo wọn ń pè é, látorí arúgbó dórí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Oníbíríkì ni. Òun àtàwọn aládùúgbò rẹ̀ ló ń wa amọ̀ nínú kòtò ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú. Wọ́n á pò ó, wọ́n á gé e, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á wá kó gbogbo rẹ̀ sínú ààrò kan ṣoṣo tí gbogbo wọn jọ ní. Ààrò yẹn gan-an niṣẹ́ wà. Bí wọ́n bá yára ṣí i, bíríkì á fọ́. Bí wọ́n bá pẹ́ jù, á wọ́, á dúdú. Ótijiná ló máa ń fi irin fa méjì yọ lójú ihò, á jẹ́ kí wọ́n tutù, á kàn wọ́n mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, á dijú. Bó bá gbọ́ ohùn tó ń fẹ́, á ké pé, "Ó ti jiná!" Ìgbà yẹn lẹnikẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ẹnu ààrò. Kò ṣì í sọ rí, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í bi í lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní àbúrò kan, ọmọ ìyá rẹ̀. Bàbá wọn tètè kú, bíríkì Ótijiná ló sì rán ọmọ náà níléèwé títí tó fi di lọ́yà. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí inú ẹ̀gbọ́n ṣe máa ń dùn! Bó bá ti ń po amọ̀ báyìí, "Lọ́yà mi ní báyìí, Lọ́yà mi ní báyẹn." Àwọn ará ibiṣẹ́ á máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ótijiná, bá wa bẹ Lọ́yà rẹ kó pe òjò yìí lẹ́jọ́." Á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí ìjọba ní àwọn fẹ́ ṣe ìwé òfin tuntun fún orílẹ̀-èdè, tí gbogbo ará ìlú sì máa dìbò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lé e lórí, Lọ́yà fúnra rẹ̀ gbé ìwé náà wá sí kòtò. Ó jókòó sórí bíríkì, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, ó ń ka abala kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ń túmọ̀ rẹ̀ lọ́nà tí ọmọdé gan-an á fi gbọ́. Ẹnu ọmọ yẹn dùn, ẹ má jẹ̀ẹ́ n tàn yín. Ó ní, "Ẹni tó bá ń gbé orí ilẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òun ló nilẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lé e." Ariwo ayọ̀ sọ. Látìgbà àwọn bàbá wọn ni wọ́n ti ń gbé níbẹ̀ bí àlejò, tí àyà wọn ń já pé olówó kan lè dé lọ́la kó ní kí wọ́n kẹ́rù wọn kúrò níbẹ̀.

Opó àgbàlagbà kan wà láàárín wọn tó máa ń pọn omi tí wọ́n fi ń po amọ̀. Ìyá Olómi ni wọ́n ń pè é. Òun nìkan ni kò tíì pariwo. Ó ní, "Ótijiná, ṣé o ti kan èyí náà mọ́ra wò?"

"Ìyá, ẹni tí mo fọwọ́ ara mi tọ́ ló kà á. Kí ni mo tún fẹ́ kàn? Ó ti jiná!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì lọ dìbò bẹ́ẹ̀ ni. Haà, ẹ̀yin èèyàn mi! Ọkùnrin tí kì í gba bíríkì kan gbọ́ láìgbóhùn rẹ̀, odidi ìwé òfin ló gbà gbọ́ nítorí ojú ọmọ ìyá.

Òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, wọ́n dé kòtò láàárọ̀, wọ́n bá òpó tí wọ́n kùn ní ọ̀dà pupa yíká rẹ̀, àti ọlọ́dẹ kan tó jókòó sórí àga oníke.

"Kọ́ńpìnnì kan ti gba kòtò yìí," ọlọ́dẹ ní. "Ilé yín, ẹ máa gbé e. Amọ̀ lẹ ò gbọdọ̀ wà mọ́."

"Ẹ fọkàn balẹ̀," Ótijiná sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. "Mò ń lọ bá Lọ́yà mi. Wọ́n á mọ̀ pé a lẹ́ni."

Ọ́fíìsì Lọ́yà tutù bí inú fìríìjì. Lọ́yà kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní kí wọ́n gbé omi wá. Ótijiná ròyìn òpó, ó ròyìn ọlọ́dẹ, ṣùgbọ́n kò ya àbúrò rẹ̀ lẹ́nu rárá. Ibẹ̀ ni ara ti kọ́kọ́ fu ú.

"Ìgbà wo là ń lọ kọ́ọ̀tù?" ó béèrè.

"Bùrọ̀dá mi, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Orí ilẹ̀ ni abala tí mo kà fún yín ń sọ. Abala tó tẹ̀ lé e ní ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ ilẹ̀, ti ìjọba ni. Ìjọba sì lè gbé e fún ẹni tó bá lágbára láti fi dá iléeṣẹ́ ńlá sílẹ̀."

"Amọ̀ ńkọ́?"

"Abẹ́ ilẹ̀ ló wà, Bùrọ̀dá."

"O ò ka ìyẹn fún wa."

"Mi ò kà á."

"O gbàgbé ni, àbí?" Ẹ wò ó, ṣe ló ń bẹ ọmọ náà nínú ọkàn rẹ̀ pé kó ṣáà ti ní òun gbàgbé. Ìbá foríjì í lójú ẹsẹ̀.

"Mi ò gbàgbé. Ká ní mo kà á ni, ṣé ẹ máa dìbò bẹ́ẹ̀ ni? Bùrọ̀dá mi, bí ìwé òfin bá ṣe pín nǹkan ni ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè ṣe máa rí. Olówó ńlá ò ní kó owó rẹ̀ wá síbi tí oníbíríkì kọ̀ọ̀kan ti ní kòtò tirẹ̀."

"Ta ni lọ́yà kọ́ńpìnnì náà?"

Ó yíjú sí fèrèsé. "Èmi ni." Ó wá yára fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé yín o. Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ẹ ṣáà bá mi bá àwọn èèyàn yẹn sọ̀rọ̀. Bẹ́ ẹ bá ti ní kí wọ́n gbaṣẹ́ kọ́ńpìnnì, wọ́n á gbà á."

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pátápátá. Ọmọ ìyá rẹ̀ ti ta ọ̀rọ̀ ẹnu òun Ótijiná lẹ́ẹ̀kan, ó tún fẹ́ tà á lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ tó gbé pọ̀n! Ọmọ tó ń fi ebi pa ara rẹ̀ torí ẹ̀! Ó fọ̀bẹ ẹ̀yìn jẹ ẹ́ níṣu, ó sì tún ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó dùn ún débi pé kò rí ìbínú kankan bí. "Má pè mí ní Bùrọ̀dá mọ́," ó ní, ó sì jáde láìfẹnu kan omi.

Ó bá gbogbo wọn níbi tí wọ́n ti ń dúró dè é lẹ́bàá ààrò. Kò fi ọ̀kan pa mọ́, títí dórí iṣẹ́ ọ̀gá tí wọ́n fi lọ̀ ọ́. "Ó mọ̀, ó fò ó," ó ní. "Ọmọ ìyá mi ló tàn wá jẹ." Ó ń retí kí wọ́n bá òun fi Lọ́yà gégùn-ún, ṣùgbọ́n òun gan-an ni wọ́n ń wò.

Ìyá Olómi ló dìde. "Ótijiná," ó ní, "àwa ò mọ Lọ́yà. Ká ní òun nìkan ló wá kàwé fún wa, a ò ní dá a lóhùn. Ìwọ la dìbò fún."

Ó kọrí sílé. Àwọn yòókù dìde tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó sọ fún un pé ó dàbọ̀.