Wọ́n Ní Ọtí Ni Mo Mu ní Oko Ọba

Ẹsẹ̀ màlúù ni mo lọ rà láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n nà mí ní Oko Ọba, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Ìyàwó mi ti kìlọ̀ fún mi n'Ífàkọ̀ kí n tó jáde.

"Dádì, ẹ wo bí ṣòkòtò ṣe ń já bọ́ nídìí yín. Ẹ jókòó."

Mi ò jókòó. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ti ń ra ẹran ilé wa fúnra mi. Mi ò fẹ́ kí àtọ̀gbẹ gba ìyẹn náà lọ́wọ́ mi.

Dókítà kan l'Órẹ̀gùn ló ti sọ pé irú àtọ̀gbẹ tó ń ṣe àgbàlagbà ni, kí n máa lo oògùn oníhóró, kí n sì dín oúnjẹ kù. Mo dín in kù títí ẹ̀bà mi fi dà bí ìkúùkù ọmọdé. Síbẹ̀ òùngbẹ kò dá mi sílẹ̀, ìtọ̀ ń lé mi kiri, mo sì ń rù. Bí mo bá padà lọ, wọ́n á fi kún hóró náà, wọ́n á ní mò ń jẹun ní kọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ alápatà mi, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, ojú mi sì ń ṣú. Mo tẹ̀ síwájú láti yan ẹran. Ó fa imú.

"Bàbá Tíṣà, ẹ ti mutí láàárọ̀ yìí?"

"Kí lo wí?"

"Ẹnu yín ń rùn bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ti kan. Ẹ kúrò nídìí ẹran tí a ṣe bísímílà sí!"

Ẹnì kejì rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé abẹ́ tẹ̀súbáà ọwọ́ wọn ni wọ́n ń tọ́jú ìgò sí ni?"

Èmi tí mo máa ń dúró ní sàfù àkọ́kọ́ ní mọ́sálásí! Mo gbá ẹni tó rẹ́rìn-ín náà létí.

Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó fà mí láṣọ ya. Ìkúùkù wọlé sí mi ní ìhà. Okùn tí wọ́n fi ń so màlúù balẹ̀ sí mi lẹ́yìn, mo sì ṣubú sínú omi ẹ̀jẹ̀. Ẹnì kan fi bàtà òjò tẹ̀ mí láyà. Mo bì.

"Ẹ ò rí i? Ó ti ń bì í! Ọ̀mùtí!"

Mo fẹ́ sọ pé àìsàn ni, ahọ́n mi ti gbẹ mọ́ òkè ẹnu.

Ìyàwó mi, tó ti wọ kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé mi, já wọ àárín wọn. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi gbá ẹni tó tẹ̀ mí láyà lójú.

"Ẹ fẹ́ pa á ni? Aláìsàn ni! Ọkọ mi ò mutí rí!"

Inú kẹ̀kẹ́ yẹn náà ló gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn n'Íkẹjà. Dókítà obìnrin tó gbà wá gbọ́ òórùn ẹnu mi, kò pè é ní ọtí.

"Ṣúgà kún inú ẹ̀jẹ̀ yín, ara ò rí i lò," ló wí. "Ọ̀rá ló ń jó dípò rẹ̀, òórùn ọ̀rá náà nìyẹn."

Wọ́n fa omi sí mi lára, wọ́n fún mi ní ínsúlíìnì, oògùn abẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ kí ara rí ṣúgà lò. Nígbà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dé, ó jókòó tì mí.

"Bàbá, wọ́n ṣi àtọ̀gbẹ yín mú fún òmíràn. Àwọn ọmọ ogun ara yín, tó yẹ kí wọ́n máa bá àrùn jà, ló kọjú ìjà sí ẹ̀yà ara tó ń ṣe ínsúlíìnì, wọ́n sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tán. Irú àtọ̀gbẹ yìí lè bá àgbà, kì í ṣe ọmọdé nìkan. Oògùn oníhóró ò lè la ìjà yẹn. Abẹ́rẹ́ lẹ ó máa gún lójoojúmọ́. Ká ní ẹ pẹ́ sí i, òkú yín ni wọn ì bá gbé wọlé."

"Ìjà méjì ni mo jà lọ́jọ́ kan nìyẹn."

"Rárá o, Bàbá. Ìjà ti inú ara yín ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́."

Nígbà tí ìhà mi san, tí mo sì ti mọ abẹ́rẹ́ gún síkùn ara mi, mo padà sí Oko Ọba. Alápatà mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde. Sún mọ́ mi." Mo mí sí i lójú. "Kí lo gbọ́?"

"Àlùbọ́sà, Bàbá. Àti ẹ̀wà."

"Ọtí ńkọ́?"

"Kò sí, sà."

"Bí ẹlòmíràn bá wá síbí, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn bíi tèmi ọjọ́sí, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ilé ìwòsàn ni kí o gbé e lọ. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Ó gbé ọ̀bẹ sókè. Ara mi bù máṣọ, kí n tó rí i pé ẹsẹ̀ màlúù ló fẹ́ gé fún mi.