Bí Mo Ṣe Pa Àbùlẹ̀ Ọ́ńkù Rẹ́

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì wa ní Marietta, ní Amẹ́ríkà, ni pé kí n pa iṣẹ́ Ọ́ńkù rẹ́. Àgbàlagbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Snellville ni Ọ́ńkù. Ọ́fíìsì yìí kan náà ló ti fẹ̀yìn tì, òun ló sì bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbà mí. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n máa fi dán mi wò. Bí mi ò bá yege, ó di ilé nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí láràárọ̀, ojú sì tún ń tì mí pé ẹ̀rù ń bà mí.

Kóòdù tí Ọ́ńkù kọ, ìyẹn àwọn ìlà àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé, ló ń ṣọ́ fíríìjì tí àwọn ilé ìwòsàn ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí. Nígbà tí Ọ́ńkù ń kọ ọ́, kọ̀ǹpáílà, ìyẹn irinṣẹ́ tó ń sọ ohun tí a kọ di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe, ní àléébù. Ó máa ń sọ nọ́ńbà nù kó tó dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ lò ó. Ni Ọ́ńkù bá ń lẹ àbùlẹ̀ káàkiri: níbì kan, á fi òdo kún nọ́ńbà, níbòmíràn, á kọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó ń lo kọ̀ǹpáílà yẹn mọ́, àmọ́ àwọn àbùlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó sì kọ ọ́ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Èmi náà ò fọwọ́ kàn án. Nílé wa, bí àgbà bá ti ní kí o fi nǹkan sílẹ̀, o ò ní béèrè ìdí. Mo kọ ìlà tuntun yí àbùlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ká kó má baà ṣiṣẹ́ mọ́, mo sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko! Ọ̀gá mi, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tí kì í pariwo, wò ó títí.

"Mo ní kí o yọ àbùlẹ̀," ó ní. "O tún lẹ òmíràn mọ́ ọn."

Ó ní gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti kúrò lọ́jọ́ Ẹtì, nítorí ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi. Inú bí mi sí i, inú bí mi sí Ọ́ńkù, àmọ́ ara mi gan-an ni inú bí mi sí jù. Mo lọ jókòó sínú mọ́tò mi, mo pe Ọ́ńkù.

"Ọmọ mi! Màmá ń kọ́? Orúnkún wọn ń kọ́? Ṣé wọ́n ti tún mọ́tò yín ṣe?"

Ogún ìṣẹ́jú kọjá kí n tó rí àyè sọ fún un pé wọ́n ní kí n yọ àwọn àbùlẹ̀ rẹ̀.

"Èyí tó ń ka bí fíríìjì ṣe tutù tó?" ó ní. "Má dán an wò o! Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wá àṣìṣe yẹn kiri. Àwọn yòókù, ẹ máa fi wọ́n ṣeré."

"Ọ́ńkù, kọ̀ǹpáílà yẹn ò sí mọ́, sà."

"Ta ló sọ fún ẹ? Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà?"

"Ẹ má bínú, sà."

Kí ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún? Mi ò tíì ṣe nǹkan kan!

Mo yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí Ọ́ńkù ní kí n má dán wò ni mo fi ṣe ìkẹyìn. Ìlà mọ́kànlá ló jẹ́. Nígbà tí mo yọ ọ́ tán, ìlà kan ṣoṣo tó ń ka nọ́ńbà ló kù níbẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì tí a fi ń dán nǹkan wò, mo ń wo nọ́ńbà bó ṣe ń gòkè, mo tì í, ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Nọ́ńbà kankan ò sọ nù. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá mi kà á tán, ó ní òun á sọ fún wọn pé kí wọ́n gbà mí pátápátá.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo bá Ọ́ńkù níbi tó páàkì mọ́tò rẹ̀ sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kúnlẹ̀.

"O ti yọ ọ́," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìyẹn náà?"

"Ìyẹn náà, sà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo dán an wò." Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: bí ẹ̀rù ṣe bà mí, bí mi ò ṣe fẹ́ kó dà bí àfojúdi, bí mo ṣe sunkún ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ́fíìsì.

"Àlàyé ẹ gùn ju kóòdù lọ. Dìde nílẹ̀." Ó na bébà ìsìn ọjọ́ náà sí mi. "Kọ ìlà tó kù kí n rí i."

Mo kọ ọ́. Ó kà á, ó tún un kà.

"Èyí nìkan?"

"Òun nìkan, sà."

Ó ká bébà náà sápò, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó sì lọ. Kò rẹ́rìn-ín, kò bá mi jà. Mi ò tíì mọ̀ bóyá inú ń bí i, èyí sì ń dà mí láàmú ju bó ṣe yẹ lọ. Àmọ́ mi ò ní dá ìlà mọ́kànlá yẹn padà.