Ẹnu Kúbúrátù Kò Gba Wáyà

Nígbà tí Kúbúrátù wà lọ́mọdé, ìyá bàbá rẹ̀ fà á lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ olóòlà tó ń kọlà fún wọn ládùúgbò l'Ọ́yọ̀ọ́, ó ní kó fi ayùn kékeré ya èjí sáàárín eyín òkè rẹ̀. Ọmọ ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìyá àgbà ní kó dákẹ́, pé obìnrin tí kò ní èjí, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni. Kò sì parọ́. Nígbà tí Kúbúrátù ń ta abọ́ tánganran lọ́jà Akẹ́sán, àwọn èèyàn a máa fi abọ́ bojú wá wo ẹ̀rín rẹ̀. Bí Mashood ṣe rí i nìyẹn, tó ní òun ò fẹ́ ẹlòmíràn.

Ọdún 1988 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Mashood ti di ẹni ńlá ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò, ó sì ti forúkọ òun àti ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ fún Mẹ́kà. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, àfáà wàásù pé Ànọ́bì bá àwọn obìnrin tó ń ya eyín wọn nítorí ẹwà wí, pé wọ́n ń pa ìṣẹ̀dá Ọlọ́run dà. Àwọn obìnrin yíjú síra wọn lẹ́yìn. Kúbúrátù fi ìborùn bo ẹnu.

Nígbà tí wọ́n délé, Mashood ní, "Ìyá Saifudeen, mi ò lè mú ẹnu yìí dé iwájú Káábà. Dókítà eléyín kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń fi wáyà fa eyín pọ̀. Bí o ò bá dí i, èmi nìkan ni n ó lọ."

Mẹ́kà ni ohun tí Kúbúrátù ti ń bẹ Ọlọ́run fún láti ìgbà tó ti mọ ìrun kí. Ẹ̀rù sì ń bà á. Láti ọjọ́ wáàsí yẹn, bó bá ti ń fi omi àlùwàlá yọ ẹnu, ó ń bi ara rẹ̀ bóyá ìrun òun ń gòkè.

Wọ́n wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé ìwòsàn náà kò jìnnà sí oríta Takie. Dókítà Jayéọlá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ awò ojú, kí wọn dáadáa, ó wo ẹnu Mashood, ó nawọ́ sí àga.

"Bàbá, ẹ jókòó síbí. Tiyín yìí kò le rárá."

Eyín òkè Mashood ti yọ síta láti kékeré, bí ẹni tó fẹ́ yọjú lójú fèrèsé.

"Èmi kọ́," ni Mashood wí. "Ìyàwó mi ni. Ẹ bá mi dí èjí yẹn."

Dókítà wo ẹnu Kúbúrátù, ó rẹ́rìn-ín. "Irú èyí làwọn obìnrin ń wá bẹ̀ mí pé kí n yà fún wọn. Ìwé òyìnbó tí wọ́n fi kọ́ wa ní àléébù ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ nílùú yìí, wọ́n á ní ojú ń dùn mí. Bàbá, ẹ̀yin gan-an ni mo rò pé..."

"Ọkùnrin ni mí. Kí ni mo fẹ́ fi ẹwà ṣe?"

Ibẹ̀ ni Kúbúrátù ti bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dùn.

"Bàbá Saifudeen, ẹnu yín ń ṣáájú yín wọlé, kò sẹ́ni tó bá yín sọ ọ́ rí. Tèmi, wọ́n yà á kí ọkùnrin lè máa wò ó. Ẹ̀yin wá ní kí wọ́n dí i kí ọkùnrin má wò ó mọ́."

"Hádíìsì Ànọ́bì ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi."

"Nígbà tẹ́ ẹ ń dúró nídìí àtẹ mi l'Akẹ́sán, tẹ́ ẹ ní kí n rẹ́rìn-ín kí ilẹ̀ lè mọ́ yín, hádíìsì náà ò tíì dé Ọ̀yọ́ ni?"

Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í to irinṣẹ́ tó ti tò tẹ́lẹ̀.

"Wọ́n ti pa ìṣẹ̀dá Ọlọ́run dà lẹ́nu mi lẹ́ẹ̀kan," ni Kúbúrátù wí. "Mi ò gbọ́n nígbà yẹn. Mo ti gbọ́n báyìí. Dókítà, ẹ má bínú, a dí yín lọ́wọ́."

"Mẹ́kà ńkọ́?" Ohùn Mashood ti lọ sílẹ̀.

"Ẹ máa lọ."

Mashood lọ lóòótọ́, òun nìkan. Lọ́jọ́ tí wọ́n sìn ín dé gáréèjì Òwódé, Kúbúrátù dúró níwájú pátápátá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ràmọ́tà, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, sọ̀rọ̀ sí i létí pé, "Ìyáálé mi, ẹ panu dé díẹ̀. Àfáà ń wò wá."

"Jẹ́ kó wò ó dáadáa."

Ṣùgbọ́n nígbà tó kírun àsùbáà tán lọ́jọ́ kejì, tí ilé pa rọ́rọ́, ẹ̀rù náà tún dé. Ó tẹ́wọ́ méjèèjì.

"Ọlọ́run, bí mo bá jẹ̀bi, ìwọ fúnra rẹ ni kó o sọ fún mi. Má rán Mashood."