Ọjọ́ Tí Mo Gé Ìró Ìyá Mi Kúrò Lára Ògiri

Ọjọ́ tí mo fi sísọ́ọ̀sì gé iṣẹ́ ọwọ́ ara mi níwájú àwọn àlejò ní Wuse kò lè kúrò lọ́kàn mi láé.

Ní Kuje, mo wà nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó máa ń rán àjákù aṣọ pọ̀ di aṣọ ńlá aláràbarà tí wọ́n ń gbé kọ́ sára ògiri. Àǹtí Dúpẹ́ ni olórí wa. Nígbà tí ìyá mi kú, mo fi ìró àdìrẹ rẹ̀ ṣe àárín aṣọ tí mo rán. Àǹtí Dúpẹ́ gbà á, ó ní òun ń gbé e lọ síbi àfihàn.

Nígbà tí mo dé gbọ̀ngàn àfihàn náà ní Wuse, orúkọ Àǹtí Dúpẹ́ ni mo bá lábẹ́ aṣọ tí mo rán. Ó ń sọ fún àwọn àlejò pé, "Ìró ìyá mi nìyí. Èmi ni mo rán an."

Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún wọn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kai! Ta ló mọ̀ ẹ́ níbí? Lọ jókòó."

N kò jókòó. Mo yọ sísọ́ọ̀sì nínú àpò mi, mo gun àga, mo sì gé ìró ìyá mi kúrò láàárín aṣọ náà.

Àǹtí Dúpẹ́ figbe ta. "Ó ti bà á jẹ́!"

Mo ní, "Ẹ fi ìró ìyá tiyín dí i."

Ẹgbẹ́ ní àfi kí n tọrọ àforíjì kí n tó lè padà wá. Mo sunkún nítorí iṣẹ́ mi tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n n kò bẹ ẹnikẹ́ni. Bí mo bá rántí ojú Àǹtí Dúpẹ́ lọ́jọ́ náà, inú mi ṣì máa ń dùn.