Kọ́kọ́rọ́ Tí A Máa Ń Fún Àlàájì

Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé mi ò mọ ẹni tí mo lù. Irọ́ ni.

Ní Kabala Doki tí à ń gbé ní àríwá, ẹni tó bá ń rìnrìn àjò ọdún kì í gbẹ́kẹ̀ lé àgádágodo nìkan. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀, tí kò ní í lọ síbì kankan lásìkò náà, ló máa ń fún ní kọ́kọ́rọ́. Bí àwa bá ń lọ ṣe Kérésìmesì ní Ògbómọ̀ṣọ́, Àlàájì télọ̀ tó ń gbé nítòsí wa là ń fi ilé sílẹ̀ fún. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó sì fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Lẹ́yìn rògbòdìyàn ẹ̀sìn, nígbà tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì ń kó lọ sáàárín ara wọn ní Narayi, òun ló ní kí n má kó. Mi ò kó.

Lọ́dún kan a ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, a ò bá tẹlifíṣọ̀n, a ò bá jẹnẹrétọ̀, a ò bá léèsì ìyàwó mi. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Àlàájì búra pé tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́ lòun ń wo ilé náà. Mo ní kò burú. Inú mi ò gbà á. Odidi ọdún kan ni mo fi ń kí i tí mo ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Kérésìmesì tún dé, mo dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú àwọn arìnrìn-àjò, wọ́n gbàdúrà fún wa, gbogbo àdúgbò gbọ́ pé à ń lọ. Mo kìlọ̀ fún ìyàwó mi pé ká má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́. Ní gáréèjì, nígbà tí Kérésìmesì ku ọ̀la, mo purọ́ fún un pé mo fẹ́ ya Zaria, pé màá bá òun àtàwọn ọmọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ọkọ̀ wọn ṣe lọ tán, mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, mo lúgọ de olè. Mi ò mọ̀ pé ojú ti ìyàwó mi láti yí àṣà padà, pé ó ti yọ́ fún Àlàájì ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, nítorí àwọn adìyẹ wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ Kérésìmesì, tí èèyàn ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lójú ilẹ̀kùn. Mo gbá páìpù irin mú. Ilẹ̀kùn ṣí, mo rí fìlà funfun, mo rí ojú rẹ̀ kedere. Mo là á mọ́ ọn léjìká.

Ó ní, "Èmi ni. Wallahi, èmi ni."

Mo ní, "Mo mọ̀ pé ìwọ ni."

Mi ò pe Àlàájì ní ìwọ rí. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún bo orí, mo lu ọwọ́ náà, mo gbọ́ bí egungun ṣe dún, mo sì tún lù ú. Ẹ̀jẹ̀ ta sí ògiri, ó ta sí mi lẹ́nu. Ìgbà tó ṣubú ni mo tó rí ohun tó gbé wá: abọ́ dúsà, eèrí ọkà tí a fi ń bọ́ adìyẹ. Ó ti dà sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti ń pò ó.

Nígbà tí ọlọ́pàá dé ọsibítù, Àlàájì sọ fún wọn pé mo rò pé olè ni òun, pé mi ò mọ̀ pé òun ni. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò pé oṣù kan tí ọwọ́ fi tẹ gbẹ́nàgbẹ́nà tó kan àjà ilé wa, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ wa, ní Kudenda. Orí òrùlé ló gbà wọlé.

Ní Iléyá, Àlàájì ń lọ sí Ọ̀yọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè ká mọ́, kò lè di abẹ́rẹ́ mú. Ó wá sí ẹnu ọ̀nà mi, ó na kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sí mi.

Ó ní, "Má bínú, ọwọ́ òsì ni mo fi fún ẹ."