Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Ọ̀rá Lábẹ́ Ẹ̀wà Zenaida

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni. Èmi Crisóforo, tí n kò jókòó ní ilé ìwé rí, tí mo fi ara páálí ọṣẹ kọ́ ìwé kíkà títí àlùfáà fi ń wá bi mí ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ògiri òkúta kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti Zenaida.

Zenaida kì í ṣe ènìyàn ńlá. Ó ń hun fìlà imọ̀ ọ̀pẹ, ó ń sin adìẹ. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde, òkúta ni. Nígbà tí Filemón ọkọ rẹ̀ já bọ́ láti orí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì (ó ga débi pé mo jẹ búrẹ́dì kan tán kó tó balẹ̀), tí dókítà ní kò ní rìn mọ́, Zenaida jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Màríà Wúńdíá ti ìlú Juquila: bí Filemón bá dìde, òun kò ní fi ẹran kan ẹnu, ìbáà ṣe ọ̀rá lásán, fún ọdún kan gbáko; lẹ́yìn náà òun yóò fẹsẹ̀ rìn lọ dúpẹ́ níbẹ̀. Filemón dìde. Láràárọ̀ ni Zenaida ń sọ hóró àgbàdo kan sínú igbá. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìṣirò yẹn.

Hóró mẹ́ta ló kù, lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, tí Obdulia, ẹ̀gbọ́n Filemón, fi ti ìlú ńlá dé láìránṣẹ́.

“Ìyàwó wa, ebi ń pa mí o! Kí lo ní nílé?”

“Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n. Kí ẹ tó bọ́ bàtà, á ti jinná.”

Òótọ́ ni. Ó bu àgbàdo lílọ̀, ó pa á pẹrẹsẹ láàárín àtẹ́lẹwọ́, ó tẹ́ ẹ sórí komal, àwo amọ̀ tó wà lórí iná. Bó ṣe yan tán, ó fi ìka ká etí rẹ̀ sókè kí ohun orí rẹ̀ má baà ṣàn. Memela nìyẹn. Ẹ̀wà dúdú tí a lọ̀ mọ́ ewé píà ló máa gun orí rẹ̀, ata lílọ̀, wàràkàṣì tútù.

Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa, asiento ni gbogbo ènìyàn ń kọ́kọ́ fi pa á: gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ń sùn sí ìdí ìkòkò tí a fi yọ́ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀. Obdulia yínmú.

“Memela gbígbẹ? Ṣé ọ̀fọ̀ là ń ṣe ni?”

“Ẹ̀jẹ́ mi ni. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta.”

“Ẹ̀jẹ́! Wo ọrùn ẹ bí ọrùn adìẹ tó yé gbẹ. Màríà ò bá ẹ ka ọ̀rá.”

Zenaida rẹ́rìn-ín, ó wọlé lọ mú wàràkàṣì. Obdulia yọ ìgò kan nínú àpò, ó fi nǹkan pa àwọn memela náà, ó yára da ẹ̀wà bò wọ́n. Mo rí i láti orí ògiri. Mo rò pé ata ni. Ó na ọ̀kan sí mi, mo gé e jẹ. Ahọ́n mi yìí, tó lè sọ orúkọ ẹlẹ́dẹ̀ àti orúkọ ẹni tó pa á, mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé asiento ni. Ó dùn. Nítorí pé ó dùn, mo gbé e mì ná. Nígbà tí mo máa fi pariwo “Zenaida, má jẹ ẹ́!”, ó ti jáde padà, eyín rẹ̀ ti pàdé lára tirẹ̀.

Obdulia bú sẹ́rìn-ín. “Ṣé o rí i pé kò pa ẹ́? Àbí kò dùn?”

Zenaida tu ú sínú iná. Ó gbé igbá rẹ̀ wá, ó da ọ̀tàlélọ́ọ̀ọ́dúnrún hóró ó lé méjì sílẹ̀ níwájú Obdulia. Adìẹ rọ́ dé.

“Ẹsẹ̀ àbúrò yín ni mo fi ẹnu mi rà. Ọjọ́ tó já bọ́, ẹ̀yin dà? Ẹ ní ẹ̀yìn ń dùn yín. Mi ò bínú. Lónìí ẹ wá fi ọ̀rá pa mí lẹ́nu, ẹ tún ń rẹ́rìn-ín!”

“Nítorí ọ̀rá ìka kan?”

“Ẹ dìde, kí n tó gbàgbé pé ẹ jù mí lọ!”

Filemón jáde. Mo rò pé yóò bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gbé àpò Obdulia, ó fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé e síta.

“Ẹsẹ̀ tí wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ló sìn yín jáde yìí. Ó dàbọ̀.”

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn tó ń lọ sí Juquila kọjá pẹ̀lú òdòdó lọ́rùn. Zenaida bu omi fún wọn, kò tẹ̀ lé wọn. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ọdún náà láti ọjọ́ kìíní: hóró mẹ́rin péré ló wà nínú igbá rẹ̀. Èmi tí mo ti fi ẹsẹ̀ lásán rìn débẹ̀ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, tí mo ya ìbaaka sílẹ̀ lọ́nà, n kò lè lọ.

“Baba Crisóforo,” ó ké sí mi, kò wo ojú mi, “lọ́dún yìí, ẹ kọ́kọ́ pariwo kí ẹ tó gbé mì.”

Mo rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí ògiri bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò. Èmi!