Ewé tí Mo Fi Bo Ilà Ìyá Mi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ara mi, torí ohun tí mo fẹ́ sọ kò ní ìyìn nínú. Ní sítúdíò fótò mi l'Adó, mo máa ń tẹ agolo pẹrẹsẹ, màá gé e ní ìrísí ewé, màá gbé e síwájú iná. Òjìji ewé á bọ́ sójú oníbàárà bí ẹni tó jókòó sábẹ́ igi. Àwọn ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, èmi náà sì ń fi í fọ́nnu.

Ìyá mi wá láti Ijan pé kí n ya fótò àádọ́rin ọdún òun. Ó kọ ilà, ọ̀kan gbọọrọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀rẹ́ mi àti àwọn àna mi ló máa rí fótò náà. Kí n má parọ́: mi ò fẹ́ kí wọ́n rí ilà yẹn.

Mo gé ewé tuntun méjì. Mo ń tì wọ́n síwájú, mo ń fà wọ́n sẹ́yìn, títí òjìji wọn fi bo ilà méjèèjì.

"Ẹ má mira o, Màámi. Àṣà tó lòde nìyí."

Kò mira. Ó tún rẹ́rìn-ín músẹ́ fún mi.

Mo fi fótò náà hàn án lórí kọ̀ǹpútà. Ó sún mọ́ ọn, ó wò ó títí.

"Ulà mi dà?"

Mo ní bí iná ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

"Ṣebí ìwọ lo tan iná." Ohùn rẹ̀ ò ga rárá. "Àbí ulà mi ń tì ọ́ lójú ni, ọmọ mi?"

Ojú gbà mí tì débi pé mi ò lè gbórí sókè. Ilà tí mo máa ń fi ìka tọ̀ ní kékeré, tí mo bá dùbúlẹ̀ lórí itan rẹ̀, títí oorun á fi gbé mi lọ, òun ni mo wá ń wá nǹkan fi bò.

Mo yọ agolo náà kúrò, mo tan iná lásán. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká tún un yà. Ó padà lọ jókòó, mo gbé kámẹ́rà sójú. Ìyá mi, tí kò fi ojú rẹ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, rọra fa ìborùn rẹ̀ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì.

"Ṣé ó ti bò ó báyìí?" ló bi mí.